Ohùn Kẹta

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí mo mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Bí mo bá jẹ́ kí ó pẹ́ sí i, n ó máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ nínú ọkàn mi títí n ó fi di ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ fún ara mi pé gbọ̀ngàn tó ṣófo ló tàn mí jẹ, pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà ni ìbá ṣi ohùn gìtá náà gbọ́. Kì í ṣe òótọ́. N kò ṣì í gbọ́. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo sì sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Minna ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa ti wá, Onítẹ̀bọmi sì ni wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi parí ìwé kẹfà, bàbá wa sọ pé agbára òun kò lè gbé ọmọ méjì ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dúró de èmi, kí èmi lọ. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, orí rẹ̀ sì pé ju tèmi. Olùkọ́ kan náà ló kọ́ wa, kì í sì fi èyí pa mọ́ fún mi. Ó lọ kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà ní àdúgbò Kpakungu. Èmi lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì gba ibẹ̀ dé yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Nígbàkígbà tí mo bá rántí èyí, ara mi kì í balẹ̀. Kì í ṣe ìmoore nìkan ló wà níbẹ̀. Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀, ìbínú díẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju pé ó ṣòro láti máa gbé pẹ̀lú ẹni tó ti fi nǹkan sílẹ̀ fún ọ tí kì í sì í mẹ́nu kàn án.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, kí òmìnira tó dé, ẹ̀gbọ́n mi fi àjákù pákó ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ kan agidigbo. Irin ayùn tó ti kú ló gé sí ojú rẹ̀. Ó máa ń gbé e lé itan, á sì máa fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ àwọn irin náà, tí ohùn wọn á máa rìn nísàlẹ̀ orin bí ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo tí kò sì kánjú. Kò pẹ́ tí kílọ́ọ̀bù àwọn òṣìṣẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, tí wọ́n sì ra gìtá béèsì kan tó ń lo iná mànàmáná. Wáyà mẹ́rin tó nípọn ló wà lára rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì gba inú okùn kan lọ sínú àpótí gbohùngbohùn. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lù ú. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lé itan, ó sì fi àtàǹpàkò lù ú bíi agidigbo. Àwọn tó ti rí béèsì ní Èkó sọ fún un pé ìka ni wọ́n fi ń lù ú. Ó ní òun gbọ́. Àtàǹpàkò ló sì ń lò lọ.

Àwọn àgbà ìjọ pè é. Wọ́n ní ẹni tó ń lu gìtá fún àwọn ọ̀mùtí kò lè tún jókòó láàárín àwọn akọrin ní ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì gba aṣọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kílọ́ọ̀bù nìkan ló kù tí wọ́n ti ń ka ẹ̀gbọ́n mi sí. Ní ṣọ́ọ̀bù, kápẹ́ńtà ni. Nílé, bàbá wa kì í bá a sọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ kílọ́ọ̀bù, àwọn akọ̀wé tí wọ́n de táì á dìde fún un, wọ́n á ní, "Oníbéèsì, sannu da zuwa." Mo ti rí ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà n kò lè sọ pé n kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni mo jáde ní yunifásítì tí mo padà sí Minna, tí mo ń dúró de lẹ́tà iṣẹ́. Oṣù tí mo dé gan-an ni gìtá kejì dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e wá láti Kaduna. Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n bí i sí, Hausa rẹ̀ sì já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ olórin tí òun wà nínú rẹ̀ ní Kaduna ti tú ká, gìtá ara rẹ̀ ló sì gbé lọ́wọ́. Nígbà tí ó ṣí báàgì rẹ̀, ẹnu ya gbogbo wa. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é pẹ̀lú ti kílọ́ọ̀bù, àwọ̀ pupa rúsúrúsú kan náà, ìwo méjì kan náà lórí. Bí kì í bá ṣe pé ọrùn ti kílọ́ọ̀bù ti là nígbà ọyẹ́ kan, tí ẹ̀gbọ́n mi sì fi igi ọ̀gànwó dí i, o kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Kíákíá ni àwọn olórin fún wọn lórúkọ. Ti kílọ́ọ̀bù ni Àgbà, ti Kaduna ni Àlejò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ pé òun àti gìtá òun jọ ń lọ ni. Bí wọ́n bá gba ọ̀kan, wọ́n gba èkejì. Àwọn ará kílọ́ọ̀bù ní Zungeru sì ti ń tọrọ béèsì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Alága kílọ́ọ̀bù, ọmọ Ìlọrin kan tó ti dàgbà, tó sì jẹ́ Àlájì, wá là á mọ́lẹ̀ pé gìtá kan ni yóò dúró. Bí Àlejò bá dára jù, Àgbà yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Zungeru, ẹni tó ni Àlejò ni yóò sì máa lù ú. Bí Àgbà bá dára jù, ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò gbé tirẹ̀ máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyàwó, ó ní ṣọ́ọ̀bù. Kò lè tẹ̀lé gìtá lọ sí Zungeru. Àyè rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi etí wọ̀n.

Àwọn olórin pín sí méjì. Nígbà náà ni Alága ní kí wọ́n wá ẹni tí kì í ṣe ara wọn tí yóò gbọ́ gìtá méjèèjì láìwo wọ́n. Ẹni tó ń fun fèrè tọ́ka sí mi níbi tí mo jókòó sí.

"A kúkú ní gírádúéètì níhìn-ín. Wọn kì í kọ́ wọn ní ohùn ni?"

"Wọ́n kọ́ wa," ni mo wí. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n bi mí, mo sì dáhùn kí n tó ronú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Kaduna rẹ́rìn-ín. "Haba, Àlájì. Àbúrò rẹ̀ kọ́ nìyẹn? Kí n kúkú ti báàgì mi pa."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?" ni afunfèrè wí.

"Ẹ̀rù wo? Mo kàn mọ bí ilé ṣe rí ni. Ọmọ ìyá á gbe ọmọ ìyá, shikenan."

Alága mi orí. "Ẹni tó kàwé tó báyìí kò ní ṣe ojúsàájú. Èmi gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sí ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Ásárì."

N kò lè ṣàlàyé tó bí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe gún mi. Kò bú mi. Ohun tó sọ, ẹnikẹ́ni ìbá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni ẹ̀rù ti máa ń bà mí pé kí wọ́n má rò pé mo ti ṣe ohun tí n kò ṣe. Bí nǹkan bá sọnù ní kíláàsì, èmi tí n kò mú un ni mo máa ń kọ́kọ́ tú báàgì mi sílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin tó kù kí Sátidé tó pé, n kò ronú nípa gìtá rárá. Ojú àwọn ènìyàn ni mo ń rò.

Lọ́jọ́ Fúráìdè mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Kpakungu. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti iná, ó ń fi igi ro nǹkan nínú ìkòkò dúdú kan. Kò sí wáyà béèsì tuntun láti rà ní Minna nígbà náà. Bí ti Àgbà bá ti mu òógùn ọwọ́ tó tí ohùn rẹ̀ sì di, ẹ̀gbọ́n mi á tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyàwó rẹ̀ á sì bá a sè wọ́n pẹ̀lú kán-ún títí ìdọ̀tí inú wọn á fi jáde.

"Ọkọ mi Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Ẹ má ṣí ìkòkò yẹn o. Ọbẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni, kò sì ní ẹran."

"Ó ti jinná?"

"Ó ku iyọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde látinú yàrá, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀mú fa wáyà kan jáde, ó fi àkísà nù ún, ó sì nà án sí oòrùn. Mo bá a jókòó. Mo sọ fún un pé bóyá kí n sọ fún Alága pé n kò lè ṣe é mọ́.

"Kí ló dé?"

"Bọ̀dá, bí mo bá gbọ́ pé tiyín ló dára jù ńkọ́? Wọ́n á ní mo gbè yín ni."

"Ṣé etí tiwọn lo fẹ́ fi gbọ́ ni?"

Mo ń wo wáyà tó nà sí oòrùn.

"Ohun tí o bá gbọ́ ni kí o sọ," ni ó wí. "Má fi kún un nítorí mi, má sì yọ níbẹ̀ nítorí wọn. Bí tèmi kò bá dára tó, n ó gbà."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó bẹ̀ mí ni, ì bá rọrùn fún mi láti bínú sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn ṣì mú. Wọ́n ti to àwọn àga gbọ̀ngàn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì sì wà ní òfìfo láti ẹnu ọ̀nà dé orí pèpéle. Wọ́n gbé àga kan fún mi ní àárín, wọ́n ní kí n kọ ojú sí ògiri kí n sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìwé kékeré kan wà lórí itan mi. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan lu gìtá méjèèjì, kí ó má baà jẹ́ pé ọwọ́ ni mo ń gbọ́ dípò gìtá. Ó jẹ́ ohùn mẹ́rin. Orin kan náà, àpótí gbohùngbohùn kan náà. Inú Alága dùn sí ètò náà. Ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ìwé."

Ohùn àkọ́kọ́ ta. Ìka ló ń lù ú, nítorí náà mo mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin Kaduna ni. Ohùn gìtá náà rọra jáde, ó tóbi, ó sì kún, bí ẹni tó mí kí ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó di ilẹ̀ mú. Mo kọ "1" sílẹ̀. Ohùn kejì, ìka kan náà ni. Èyí mọ́, ó dán, ó sì yára. Nóòtì kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀, ó sì ń dún lọ títí. Etí kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ kò sí nǹkan. Ó dà bí òjò lórí páànù: o gbọ́ ọ gan-an, ṣùgbọ́n kò rin ilẹ̀.

Ohùn kẹta, àtàǹpàkò ni.

Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń kà pé n kò nílò láti wo ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń gbọ́ àtàǹpàkò yẹn láti yàrá kejì. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú, bí ẹni tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn kí ó tó tì í. Gìtá tó kún yẹn náà ló sì gbé lọ́wọ́. Igi ọ̀gànwó tó fi dí ọrùn rẹ̀, wáyà tí ìyàwó rẹ̀ sè, ọwọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Sìmẹ́ńtì abẹ́ àga mi ń mì. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ohùn kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi lórí gìtá kejì, dára, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ń wá nǹkan nínú gìtá náà tí kò sí níbẹ̀.

Mo kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe dára sí: 3, 1, 4, 2. Ẹ wò ó bí ó ti hàn tó. Àgbà borí ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì borí ní ọwọ́ ẹni tó wá gba àyè rẹ̀. Ètò tí èmi fúnra mi ṣe ló fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́, pé gìtá náà gan-an ló dára jù. Ohun tó kù kò ju kí n dìde kí n ka nọ́ńbà mẹ́rin.

Mo dìde, mo yí padà. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin Kaduna ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ti mọ ohun tí n ó sọ, tó sì ti dárí jì mí. Nígbà náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú mi tí mo ti ń gbìyànjú láti lóye rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo rò pé bí mo bá sọ òótọ́, òótọ́ náà yóò dà bí irọ́ lẹ́nu mi. Mo tún rò pé bóyá irọ́ ni lóòótọ́, pé bóyá mo fẹ́ràn ohùn kẹta nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ni, pé ohun tí mo fẹ́ràn láti kékeré ti ba etí mi jẹ́. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà 1 wà nínú ìwé mi, Àgbà ní ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, tó dá mi lóhùn. Mo fi ọwọ́ bo ìwé náà.

"Gìtá tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹrin," ni mo wí.

Mo sì ṣàlàyé. Ọlọ́run dárí jì mí, mo ṣàlàyé fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè jẹ oúnjẹ tán. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìgbì ohùn. Mo ní gìtá èkejì mọ́ gaara, pé a gbọ́ nóòtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé ti àkọ́kọ́ ń da ohùn pọ̀, pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ igi tí wọ́n fi dí ọrùn rẹ̀ ló fà á. Mo sọ èyí nípa igi tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Kaduna kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnu yà á. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Kò wò mí bí ẹni tó bínú, ó wò mí bí ìgbà tí ó bá ń wo pákó tó rò pé ó tọ́ kí ó tó fi rúlà lé e. Ó ní, "To," bí ẹni tó ti gbọ́. Ó rọra gbé Àgbà lé orí àga, ó yọ okùn rẹ̀ lára àpótí, ó ká okùn náà mọ́ ìgbọ̀nwọ́ dáadáa, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ijó ọ̀sán wà ní kílọ́ọ̀bù. Mo lọ. N kò mọ ìdí tí mo fi lọ. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu, àwọn obìnrin wọ aṣọ tó nípọn, bàtà ń dún nílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń lu Àlejò pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. A kò gbọ́ ọ. Ohùn tó mọ́ gaara nínú gbọ̀ngàn òfìfo ti wọ inú aṣọ àwọn oníjó lọ. Wọ́n ti kọ́ mi ní yunifásítì pé aṣọ àti ara ènìyàn máa ń gbé ohùn mì. Mo sì kọ ọ́ nínú ìdánwò. Oníjó méjì dúró láàárín orin, wọ́n ń wo pèpéle bí ẹni tí àtẹ̀gùn yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Alága tẹ orí sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Ó mọ́ gaara, bí o ti wí," ni ó wí. N kò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fá ilẹ̀kùn kan, èérún igi sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kí i, ó dá mi lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa gbọ̀ngàn tó ṣófo, nípa aṣọ àwọn oníjó, pé kò sí bí mo ṣe lè mọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń wò," ni ó wí.

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ̀yìn lo kọ sí wa, ẹsẹ̀ rẹ nìkan la rí. Nígbà àkọ́kọ́, ó ń lu ilẹ̀. Nígbà kejì, ó dúró. Nígbà tí ó di ti ẹ̀kẹta, ó ń lu ilẹ̀ débi pé àga ń dún." Ó fẹ́ èérún igi kúrò lórí ilẹ̀kùn náà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ ò tíì kọ́ ẹsẹ̀ yín ní irọ́."

Mo jókòó lórí pákó kan. Mo fẹ́ sunkún, mo sì ń bínú sí ara mi pé ẹkún mi ni yóò tún gba àyè nínú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìwé náà, nọ́ńbà mẹ́rin náà, ẹ̀rín ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

Ó fi ọwọ́ tọ́ ojú ilẹ̀kùn náà wò. "Ọjọ́ Tọ́sìdé ni gìtá náà máa bá ọkọ̀ ẹrù lọ sí Zungeru. Lọ bá Alága kí Tọ́sìdé tó dé. Sọ ohun tí o gbọ́ fún un. N kò ní kí o bẹ̀ ẹ́. Sọ ohun tí o gbọ́, kí o sì fi ìwé náà hàn án."

Ohun kan ṣoṣo tí ó tọrọ lọ́wọ́ mi rí láyé nìyẹn.

Lọ́jọ́ Túsìdé mo fi ìwé náà sí àpò, mo sì rìn lọ sí ilé Alága ní àdúgbò Nassarawa. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí. Ó jókòó lórí ẹní nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní kí n jókòó ti òun, wọ́n sì gbé wàrà díndín wá. Kí n tó la ẹnu, ó pe ọkùnrin méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé.

"Ọmọ tí mo ń sọ fún yín nìyí," ni ó wí. "Wọ́n ní kó dá ẹjọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá a tan ní bàbá àti ìyá wà níbẹ̀. Ó dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́bi. Wallahi, mo ti sọ ọ́ níbi gbogbo. Bí a bá ní irú rẹ̀ mẹ́wàá nínú ọ́fíìsì ìjọba, ayé á dára."

Àwọn ọkùnrin náà wò mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fà mí lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà fún mi. Gbogbo ìgbésí ayé mi ni mo ti ń fẹ́ kí àwọn àgbàlagbà wò mí bẹ́ẹ̀. Mo lè ní ọkàn mi ń dà rú nígbà náà, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́ tí mo sọ pé n ó sọ, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi fún ìwọ̀n ìgbà tó tó. Mo jẹ wàrà. Mo dúpẹ́. Mo sọ pé mo kàn wá kí wọn ni.

Nígbà tí mo padà sí Kpakungu, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde nígbà tí ó rí mi.

"Wọn ò sí nílé," ni mo wí.

"Lọ́la ńkọ́?"

"N ó tún padà lọ."

N kò padà lọ. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ di Àgbà, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ síbẹ̀. Kò tún wọ kílọ́ọ̀bù mọ́. Àwọn akọ̀wé tó ń kí i máa ń pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Kápẹ́ńtà, báwo ni iṣẹ́?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà iṣẹ́ mi dé: olùkọ́ ní Kontagora. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló kan àpótí tí mo kó ẹrù sí, òun náà ló sì bá mi gbé e dé ibùdókọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ. Ó ń fi okùn dè é mọ́ orí lọ́rì nígbà tí Alága gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́, ó sì yí sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Má bínú sí i o, oníbéèsì. Ọmọ gidi ni. Lọ́jọ́ Túsìdé yẹn pàápàá, kí gìtá tó lọ, ó wá kí mi nílé, a jọ jẹ wàrà. Ọmọ mélòó ló ń ronú kan àgbà báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò yí ojú sí mi. Ó fa okùn náà, ó ta á ní kókó, ó fi ọwọ́ mì í wò bóyá ó dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlájì," ni ó wí. "Ọmọ dáadáa ni."